Ẹni Tí Yóò Máa Tọ́jú Ẹ̀rọ

Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti ń káwọ́ sẹ́yìn. Bébà ń há ẹ̀rọ fọ́tòkópì ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa lọ́fun bí egungun ẹja, gbogbo ẹni tó bá wọ bírò ń wò mí lójú, èmi náà ń wò wọ́n lójú, n kò sì sún mọ́ ọn. Mo ti bá ara mi dá májẹ̀mú: títí di Ọjọ́bọ̀ tí ìgbìmọ̀ yóò jókòó, n kò gbọdọ̀ ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, n kò gbọdọ̀ ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, n kò tilẹ̀ gbọdọ̀ fetí sí bó ṣe ń kérora. Lọ́jọ́ náà ni Mùsé Parfait, tẹkinísíyà tó ń tún ẹ̀rọ ṣe láti Pobè, máa gbé kọ́ńtíráà, ìwé àdéhùn ìtọ́jú ẹ̀rọ, wá. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i, ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ni yóò máa wá wo ẹ̀rọ náà lóòrèkóòrè, tí yóò máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, èmi yóò sì bọ́.

Ní Idigny, nílẹ̀ Kétou níbí, ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe ohun kékeré. Láti Okpomèta títí dé Adakplamè, ẹni tó bá ń wá ẹ̀dà ìwé ìbí ọmọ, ẹ̀dà ìwé ilẹ̀, tàbí ẹ̀dà ìdánwò fún kílàásì, ọ̀dọ̀ wa ló ń gun ọ̀kadà bọ̀. Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì Calavi, tí n kò tíì ríṣẹ́, Bàbá Séidou, ààrẹ ẹgbẹ́, ní kí n wá jókòó ti ẹ̀rọ náà fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ni olórí ilé wa. Inú ìgbà díẹ̀ náà ni mo ṣì wà.

Ohun tó dè mí mọ́ ọn ni pé n kì í lè rí kókó kí n má tú u. Láti kékeré ni mo ti rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá pa àlọ́ fún mi, oúnjẹ kò ní wọ̀ mí lọ́fun títí n ó fi já a. Ẹ̀rọ bá kọṣẹ́, mo ṣí i, mo wá ibi tí ọ̀rọ̀ wà, mo rí i, inú mi dùn, inú wọn náà dùn. Bí inú wa ṣe ń dùn tó ni okùn náà ń le sí i lọ́rùn mi.

Lóṣù tó kọjá, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe iná oòrùn ní Porto-Novo pè mí. Wọ́n ní kí n wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yìí, wọ́n sì ní bí mo bá pẹ́, ẹlòmíràn ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá Séidou lójú ìyá mi. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀.

“Ọmọ mi, n kò ní dí ọ lọ́nà,” ló wí. “Ọjọ́ tí ẹ̀rọ yìí bá ti rí ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, èmi fúnra mi ni yóò sìn ọ́ dé títì.”

Ẹni tí kò mọ ilẹ̀ wa lè bi mí pé kí ló dé tí n kò kàn gbé àpò mi kí n máa lọ. Ẹ̀gbọ́n mi Cyriaque ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀nà Nàìjíríà lọ láìdágbére, kò sí àgbà kankan tó sìn ín dé títì. Kò sẹ́ni tó bú ìyá mi nítorí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àsìkò ebè dé, tí ìyá mi bẹ àwọn ará ilé lọ́wẹ̀, tó gún iyán sílẹ̀ de àwọn tó máa wá bá a kọ ebè, oòrùn yọ, oòrùn wọ̀, kò sí ọkọ́ kan tó dé oko rẹ̀. Iyán náà tutù sínú abọ́. Èmi àti òun nìkan la kọ ebè náà, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ kankan láti òkè oko títí dé ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí n ó bá lọ, àgbà ni yóò sìn mí.

Ọjọ́bọ̀ dé. Mùsé Parfait gun alùpùpù rẹ̀ wá, ó gbé àpò dúdú kan kọ́ ẹ̀yìn, eruku pupa sì bò ó láti irun dé bàtà. Ìgbìmọ̀ ti jókòó dè é: Bàbá Séidou lórí àga onígi, Yèyé Honorine, tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́, tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀, àti Mètìrì Félicien, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ akọ̀wé. Yàrá náà kéré, fèrèsé kan ló ní, ẹ̀rọ sì gba ìdajì rẹ̀. Èmi wà níbi tí mo máa ń wà, láàárín ẹ̀rọ àti ògiri, níbi tí n kò ti lè jáde àfi bí ẹnìkan bá kọ́kọ́ dìde fún mi.

Mùsé Parfait ka kọ́ńtíráà náà ní Faransé, ó sì tú u sí èdè wa. Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ yóò máa sanwó. Bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, wọn kò ní tún gba nǹkan kan lé e.

“Bí kò bá wá bàjẹ́ ńkọ́?” ni Bàbá Séidou bi í.

“Ẹ ó san án bẹ́ẹ̀ náà, Bàbá.”

“Ara mi le, kí n máa gbé owó lọ fún oníṣègùn?”

“Kí ara yín lè máa le ni, Bàbá. Àwọn ewúrẹ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ kì í gún wọn lábẹ́rẹ́ kí àìsàn tó dé ni?”

“Ewúrẹ́ ń bímọ,” ni Bàbá Séidou wí. “Èyí, ó ti bímọ rí?”

Yèyé Honorine rẹ́rìn-ín títí kọ́kọ́rọ́ etí ìró rẹ̀ fi ń dún. “Ní tèmi, àáró ni mo mọ̀,” ló wí. “Ẹ wá ro oko mi lónìí, mo wá ro tiyín lọ́la. Mùsé, ẹ ní ẹ̀yin lẹ ó máa wá bá wa tọ́jú ẹ̀rọ. Ó dára. Oko tiyín dà, ká lè mọ ọjọ́ tí a ó wá?”

“Yèyé, n kò ní oko.”

“Yéè! Ọkùnrin gbàǹgbà báyìí, kò lóko! Ta ló ń fún ìyàwó rẹ̀ lóúnjẹ?”

“Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́,” ni Mètìrì Félicien dá sí i. Ó gbé ìka sókè bí ẹni tó wà níwájú pátákó. “Ohun tó bá ń jẹ iná, ó ń jẹ ara rẹ̀ náà. Ẹ̀rọ tí kò ní olùtọ́jú—”

“Ó ní Gildas,” ni Bàbá Séidou wí.

“Gildas ń lọ, Bàbá,” mo wí láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ.

“Mo gbọ́. Mo ní ó ní Gildas. N kò sọ pé Gildas kò ní lọ.”

Mètìrì Félicien ní kí àlejò kúkú wo ẹ̀rọ náà lójú gbogbo wa. Ọkàn mi balẹ̀. Ohun tí mo ti ń dúró dè láti ọjọ́ Ajé nìyẹn. Mùsé Parfait dìde, ó yọ ìdì bébà kan nínú àpò rẹ̀, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà kọ́ńtíráà fún olúkúlùkù. Ó kó bébà náà sínú ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀dà kan jáde, ó mọ́ tónítóní. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta jáde.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

“Gildas, ṣé o ò ní kò ṣiṣẹ́?” ni Bàbá Séidou bi mí.

“Kò ṣiṣẹ́ lóòótọ́, Bàbá.”

“Bí ọmọ ló ṣe ń ṣe,” ni Yèyé Honorine wí. “Ó rí àlejò, ó gbọ́n.”

Mo na ọwọ́ sí ìdì bébà tiwa tó wà lórí tábìlì, mo gbé e fún Mùsé Parfait. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un ṣe pẹ̀lú èyí.” Ó kó o síbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ mí kanlẹ̀, ó fa bébà, ó ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì dákẹ́. Iná pupa tàn. Ní tèmi, iná náà dára lójú ju ìtànná lọ.

Mùsé Parfait ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́, ó fa bébà tó ti rún wérewère jáde, ó tan iná fóònù sínú ibẹ̀. “Rúlò rẹ̀ ni,” ló wí. “Igi roboto oníròbà tó ń fa bébà yìí. Ó ti jẹ, ó ti ń yọ̀.” Ó tún un gbìyànjú; ó tún há. “Ẹ rí i? Ó ti ń dàgbà. Bí ẹ bá fọwọ́ sí kọ́ńtíráà lónìí, a ó pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, a ò sì ní gba nǹkan kan lé e.”

Bàbá Séidou wo Mètìrì Félicien. Mètìrì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó wo Yèyé Honorine. Yèyé ní, “Ẹ̀rọ tó kú, kí la fẹ́ fi ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.” Bàbá Séidou tẹ́ kọ́ńtíráà sórí itan rẹ̀, ó sì na ọwọ́. Mètìrì fi bíìkì ìkọ̀wé sí i.

Mo rí bíìkì náà, mo sì rí Porto-Novo. Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi láti ṣe ni pé kí n pa ẹnu mọ́.

Ṣùgbọ́n ojú mi ti lọ sórí tábìlì, níbi tí ìdì bébà méjèèjì wà. Bí rúlò bá ti jẹ, bébà gbogbo ló yẹ kó yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ti àlejò àti ti onílé. Kí ló dé tí ti àlejò fi kọjá? Nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi láti àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà ọyẹ́, ẹ̀rọ yìí kò há rí. Nígbà òjò àkọ́rọ̀ pàápàá, kò há. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Ìgbà tí àgbàdo tuntun wọlé. Kí ló pa àgbàdo pọ̀ mọ́ fọ́tòkópì? Mo fi ìka kan bébà tiwa. Ó tutù bí imú ajá.

Mo gbọ́ ohùn kan tó ní, “Kì í ṣe rúlò.”

Ohùn mi ni.

Bíìkì Bàbá Séidou dúró lókè ìwé. “Kí ló wá jẹ́?”

Ó yẹ kí n ní mo ṣì wí ni. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n ní mo ṣì wí. Ṣùgbọ́n mo ti ń fún ara mi kọjá láàárín ẹ̀rọ àti àga Mètìrì, ẹnu mi sì ti ṣáájú mi.

“Yèyé, níbo lẹ ń kó bébà sí?”

“Níbo lo fẹ́ kí n kó o sí? Orí àpò àgbàdo ni. Àbí kí n kó o sílẹ̀ kí ikán jẹ ẹ́? Gbogbo yín lẹ jókòó síbí tí ẹ ní kí n kó o sórí àpò.”

“Òótọ́ ni, gbogbo wa la sọ ọ́. Àgbàdo wo ló wà níbẹ̀ báyìí?”

“Tuntun.”

“Ṣé ó ti gbẹ?”

Àgbẹ̀ ni gbogbo wọn, títí kan Mètìrì. Wọ́n mọ̀ pé àgbàdo tí a bá dì sápò kí ó tó gbẹ a máa móoru, a máa làágùn. Bí o bá ki ọwọ́ bọ àárín àpò náà, á dà bíi pé o ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá ènìyàn. Ṣùgbọ́n ilé ikán ni ilẹ̀ wa. Ohun gbogbo tí a bá fẹ́ràn, a máa ń gbé e kúrò nílẹ̀, orí àpò ló sì sún mọ́ wa jù. Bébà ti ń sùn lórí òógùn àgbàdo, ó sì ti ń mu ún.

Mo yọ orí sí fèrèsé. Ìsọ̀ Solange aránṣọ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. “Solange, jọ̀ọ́, yá mi ní irin tí o fi ń lọ aṣọ.”

“Ìwọ?” ni Solange wí. “Kí lo fẹ́ lọ̀? N kò rí aṣọ àlọ̀ lọ́rùn rẹ rí.” Ṣùgbọ́n ó gbé e fún mi, tòun ti ẹ̀yinná tó ń pọ́n nínú rẹ̀. “Bí o bá jó o, ìwọ lo máa rán aṣọ ọdún àwọn oníbàárà mi o!”

Mo tẹ́ bébà tiwa sórí tábìlì, mo fi irin gbígbóná gba orí rẹ̀ jẹ́jẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Èéfín tín-ín-rín ń yọ lára wọn.

“Ẹ wá wò ó o!” ni Bàbá Séidou pariwo. “Ó ń lọ bébà bí agbádá Iléyá!”

Mo kó wọn sínú ẹ̀rọ. Mo tẹ bọ́tìnì. Ọ̀kan kọjá. Òmíràn kọjá. Wọ́n ń tò jáde bí ọmọ iléèwé tí aago ti lù fún, kò sí èyí tó há. Inú mi dùn débi pé mo pàtẹ́wọ́. Mo yí padà láti wo ojú wọn, ìgbà náà ni mo rí i pé Bàbá Séidou ti fi ìdérí dé bíìkì.

“Kí la wá fẹ́ fi kọ́ńtíráà ṣe?” ló wí.

“Bàbá, ẹ ò nílò mi fún èyí mọ́. Ẹ sá bébà sóòrùn, ẹ sì wá pátákó kan gbé e lé lókè. Ẹnikẹ́ni lè ṣe é.”

“Ti èyí, bẹ́ẹ̀ ni. Àìsàn tó kàn ńkọ́? Ta ni yóò já àlọ́ tirẹ̀?”

“Ìdí nìyẹn tí kọ́ńtíráà fi wà,” ni Mètìrì Félicien wí, mo sì fẹ́ di mọ́ ọn. “A ò lè so ọmọ Calavi mọ́lẹ̀ nítorí fọ́tòkópì.”

Mùsé Parfait mú ẹ̀dà kan dání, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yọ fóònù, ó lọ síbi fèrèsé, ó bá ọ̀gá rẹ̀ sọ Faransé. Mo gbọ́ orúkọ mi nínú rẹ̀. Nígbà tó padà, ojú rẹ̀ ń dán.

“Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbọ́. A ní ẹ̀rọ ní Kétou, a ní lọ́nà Pobè. Nígbà òjò, kò sẹ́ni tó fẹ́ gun ọ̀nà yìí nínú wa. Ọ̀gá mi ní ká má jẹ́ kí ọmọ yìí bọ́ lọ. A ó gbà á síṣẹ́. Ibí ni yóò máa gbé, òun ni yóò jẹ́ tẹkinísíyà wa fún gbogbo ilẹ̀ Kétou. Bí ẹ bá fọwọ́ sí kọ́ńtíráà, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀, torí a ò ní máa rán ènìyàn sí yín láti ọ̀nà jíjìn.”

Yèyé Honorine pa igbe ayọ̀. Mètìrì Félicien, tó ti ń gbèjà mi lẹ́ẹ̀kan, dìde bọ̀ mí lọ́wọ́: “Tẹkinísíyà! Gbogbo ilẹ̀ Kétou!” Bàbá Séidou tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó ṣàdúrà. Ó ní iṣẹ́ náà kò ní bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní ọ̀nà kò ní nà mí. Wọ́n ṣe àmín, Yèyé Honorine fi ti ìjọ tirẹ̀ kún un. Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Nílé wa, ohun tí àgbà bá ti gbàdúrà lé lórí ti parí.

Ó ṣí ìdérí bíìkì, ó fọwọ́ sí i.

“Bàbá,” mo wí, “ṣebí ẹ ní bí a bá fọwọ́ sí kọ́ńtíráà, n ó lọ.”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀.” Kò bínú rárá. “Mo ní ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá rí ẹlòmíràn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Mètìrì, ta ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé yóò máa tọ́jú rẹ̀?”

Mètìrì gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó ka ibi tí Mùsé Parfait ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ. “Gildas.”

“Ṣé ẹlòmíràn ni?”

Mo yí ọ̀rọ̀ náà sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, bí mo ṣe máa ń yí àgádágodo tí kò ní kọ́kọ́rọ́. Kò síbi tí ìka lè gbà wọ̀ ọ́. Ó dára débi pé bí kì í bá ṣe èmi ni wọ́n tì mọ́ inú rẹ̀, ǹ bá yin ẹni tó ṣe é.

“Iṣẹ́ lo ń wá, iṣẹ́ ti wá bá ọ nílé,” ni Bàbá Séidou wí. Ó gbé ọwọ́ lé mi léjìká. “Ìyá rẹ á máa rí ọ lójoojúmọ́. Bí ọ̀wẹ̀ rẹ̀ bá dé lọ́dún yìí, èmi ni n ó kọ́kọ́ gbé ọkọ́ débẹ̀.”

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́. Bó bá jẹ́ pé ó fi agbára sọ ọ́ ni, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Mo rí iyán tútù yẹn nínú abọ́, mo rí ìyá mi tó ń ha erùpẹ̀ kúrò lára ọkọ́, mo sì ní, “Ẹ ṣé o, Bàbá.”

“Ó dáa. Sin Mùsé Parfait dé títì.”

Mùsé Parfait ti alùpùpù rẹ̀, a jọ rìn gba àárín oko ẹ̀gẹ́ lọ sí títì. Ó ń sọ fún mi nípa aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n máa fún mi àti àpótí irinṣẹ́. Nígbà tó yá, ó wò mí.

“Inú rẹ ò dùn?”

“Inú mi dùn, ẹ̀gbọ́n.”

“Bí mo ṣe rí ọ lẹ́yìn ẹ̀rọ yẹn, mo sọ fún ara mi pé ibi tí Ọlọ́run fi ọmọ yìí sí gan-an nìyí.”

A dé títì. Ó gun alùpùpù, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó sì kọjú sí ọ̀nà tó lọ sí Kétou, tó sì gba Pobè kọjá lọ sí Porto-Novo. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá sin àlejò a dúró títí orí àlejò yóò fi wọ̀ lójú ọ̀nà, kó tó yíjú sílé. Mo dúró. Eruku rẹ̀ ga, ó pọ́n, ó rọra balẹ̀. Bàtà mi wà létí títì gan-an, ibi tí koríko parí sí. Mo rò ó pé n ó pe àwọn ará Porto-Novo kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ń wá ohun tí n ó sọ fún wọn.

Ohùn Yèyé Honorine dún láti bírò. “Gildas o! Gildas! Ó tún ti há o!”

“Ṣé èyí tí mo lọ̀ ni,” mo kígbe padà, “àbí èyí tó ṣì wà lórí àgbàdo?”

“Èyí tí o lọ̀ ni!”

Èyí tí mo lọ̀? Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Àfi bí wọ́n bá kó o síbẹ̀ kó tó tutù. Àfi bó bá ti ká láti etí kan. Kí n tó mọ̀, mo ti dé àárín oko ẹ̀gẹ́, mo sì ń sáré.